Ògiri Yàrá Mi Tí Ẹ Kùn Lẹ́fun

Ẹ̀yin ará, ẹ wọ yàrá mi nígbà tí mi ò sí nílé, ẹ sì pa iṣẹ́ mi rẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró sọ ọ́ lójú gbogbo yín ní àkókò ẹ̀rí yìí. Ẹ má tíì ṣe haleluyah. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Èmi ni tíṣà tí ẹ fún ní yàrá ẹ̀yìn ilé míṣọ́n níhìn-ín ní Ìlobù, nígbà tí mo jáde yunifásítì n'Ìbàdàn. Ìfọ́n tó bá yín pààlà ni wọ́n ti bí mi. Ẹ mọ ìyẹn, ẹ kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ohun tí ẹ ò mọ̀, torí ẹnikẹ́ni ò bi mí, ni pé mo ń dá kọ́ èdè Japáànù. Àbúrò bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Bọ́má ló mú ìwé rẹ̀ bọ̀ láti ojú ogun ní Bọ́má, níbi tí àwọn òyìnbó ti kó wọn lọ bá àwọn ará Japáànù jà. Àwọn ará Japáànù fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní sikọ́láṣípù, ìdánwò rẹ̀ sì wà n'Ìbàdàn. Mi ò mọ ẹnì kan tó gbọ́ èdè náà débi tó fi lè sọ fún mi bóyá mò ń tẹ̀síwájú tàbí mo kàn ń yí lójú kan. Ohun tó ń já mi láyà lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ni mo bá sọ ògiri di olùyẹ̀wò. Bí mo bá kọ́ ọ̀kan lónìí nínú àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè náà, mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lu agogo ilé ìwé, mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìwo ìwé. Bí mo bá gbà á, mo fi ẹfun yí i ká. Bí mo bá ṣì í, ó wà bẹ́ẹ̀ láìní ẹfun. Tí mo bá ti jí wo ògiri yẹn, mo mọ ibi tí mo dé.

Ìdánwò ti sún mọ́lé nígbà tí mo lọ sí Ìfọ́n lọ bá Bàbá Bọ́má wa iṣu. Ìgbà náà ni àwọn obìnrin ìjọ ń fi ẹfun kùn ilé míṣọ́n nítorí ìkórè, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Èmi ò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mi kí n tó lọ.

Mo dé lọ́sàn-án Sátidé, òórùn ẹfun tútù ló pàdé mi. Ògiri mi funfun báláú! Ẹ ò tiẹ̀ kùn ún lásán, àdá lẹ kọ́kọ́ fi họ ọ́. Ẹ wọ́n iyọ̀ sórí ẹní mi. Màmá Dọ́kásì, olórí àwọn obìnrin, dúró ní àgbàlá, ọwọ́ wọn ṣì funfun.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. A ti bá yín lé e jáde."

"Kí lẹ lé jáde, mà?"

"Ohun tí ẹ kọ sára ògiri! Ẹ ya àgbélébùú Olúwa, ẹ wá so ẹsẹ̀ méjì mọ́ ọn. Ibo ló ń lọ?"

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Àmì igi ni, igi lásán, bí igi ọsàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Mo ṣàlàyé. Bàbá Ìjọ jáde síta, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ìfọ́n, tí ẹ bá kàwé tán, ṣe ni òògùn yín ń di méjì."

Mo wọlé, mo jókòó ti ògiri funfun. Mo bi ara mi pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ omi. Kò wá. Òkè ńkọ́? Kò wá. Àbí mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí, àbí ògiri ló mọ̀ ọ́n? Mo ki ìwé bọ abíyá, mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìfọ́n.

Bàbá Bọ́má gbọ́ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Japáànù tí a kó lẹ́rú, tí mo ṣọ́ ní Bọ́má, ta ló fún wọn ní ògiri? Ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mú ìwé yẹn wá." Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n jókòó lé e lórí. "Ó yá, kọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀ ní àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo ní, Olúwa, wọ́n ti pa tara ògiri rẹ́. Bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù nínú mi, fi hàn mí. Mo na ìka sí ilẹ̀. Igi ni mo kọ́kọ́ kọ, tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi tẹ̀ lé e. Òkè. Iná. Yéè! Wọ́n ń tú jáde! Mo kọ ọ́ títí mo fi dé ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́, Bàbá Bọ́má ní láti fa ewúrẹ́ sẹ́yìn kó má fẹsẹ̀ pa á rẹ́. Nígbà tí a ṣí ìwé wò ó, àwọn tí mo ṣì kò pọ̀, àwọn tí mi ò tíì fi ẹfun yí ká náà ni. Ògiri mi ò purọ́ fún mi.

Mo ṣe ìdánwò náà, mo yege, wọ́n ti mú mi fún sikọ́láṣípù náà. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ó yá, ẹ ṣe haleluyah yín. Ẹ bá mi yọ̀.

Ṣé ẹ ti yọ̀ tán? Ó dáa. Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ lẹ́nu ọ̀nà, pé ẹfun yín ni Ọlọ́run lò fún mi. Rárá o! Ọwọ́ yín ni Ọlọ́run ti gbà mí.

Bàbá Ìjọ, ta ló yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá mi fún wọn? Màmá Dọ́kásì, kí ló dé tí ẹ ò dúró kí n dé, kí ẹ bi mí? Ẹ̀yin komitì ìjọ, ká ní ọmọ Ìlobù ló kọ ọ́, ṣé ẹ máa mú àdá wọlé?

Mi ò tíì jókòó. Ẹ dá mi lóhùn.