Òjò Tí Mo Gbọ́ Bí Òjó

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó dáadáa, ẹ gbé ọmọ sórí itan, kí ẹ gbọ́ mi. Ọpẹ́ ni mo wá dú, ẹnu mi kò sì gbà á tán.

Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àsímà ti ń bá mi fínra. Ṣùgbọ́n èyí tó wá dé sí etí mi yàtọ̀. Etí dí pa. Omi tó ń jáde níbẹ̀ ki, ó ń lẹ̀ bí àtè. Mo rí dókítà ní Àkúrẹ́, mo kán oògùn títí. Bó bá lọ lónìí, á padà lọ́la. Ohùn ènìyàn wá ń dún sí mi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò.

Lọ́jọ́ kan nílé wa ní Aládé, mo jókòó ti kòkó tí a sá. Ìyàwó mi ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Bàbá Dúpẹ́, òjò ń bọ̀ o!" Èmi gbọ́ pé Òjó ń bọ̀, Òjó àbúrò mi. Mo gbé àga kejì síta, mo ń rẹ́rìn-ín dè é. Háà! Òjò dé lóòótọ́, kò tilẹ̀ kí mi!

Ìyàwó mi sáré jáde. "Ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi kòkó sè ni?"

Mo ní, "Òjó dà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Ẹni tí kò mọ òjò yàtọ̀ sí Òjó, ṣé yóò gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Mo wá síbí. Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ lé mi lórí. Láàárín àdúrà ló dákẹ́, ó sún mọ́ etí mi:

"Bàbá, àyà yín ń fọn fèrè. Ṣé dókítà etí mọ̀ pé ẹ ní àsímà?"

"Ìyá, ṣé etí ni mo fi ń mí ni?"

"Ẹ ṣáà sọ fún un. Ọlọ́run tó dá etí ló dá àyà."

Mo padà lọ, mo sọ ọ́. Dókítà gbọ́ àyà mi, ó tún wo etí, ó ní àìsàn kan náà ló ń da àwọn méjèèjì láàmú. Ó fa ẹ̀gbin náà jáde, ó pààrọ̀ oògùn etí, ó tún oògùn àsímà tò, ó ní n kò gbọdọ̀ fi inhélà tí mo ń fà sẹ́nu sílẹ̀. Ẹ̀yin ń gbàdúrà lẹ́yìn mi. Díẹ̀díẹ̀, etí là! Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ó wá kù kí n pín ogún tí etí dídí mi fi sílẹ̀. Rédíò ńlá tí Dúpẹ́ rà fún mi ti di ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ìjókòó mi níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, Alàgbà ti jogún rẹ̀, torí òun náà ti ń ní kí a tún ọ̀rọ̀ sọ. Èmi jogún ohùn ìyàwó mi. Láàárọ̀ yìí, ó ń ráhùn sí mi wúyẹ́wúyẹ́ nínú kíṣìnì, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ kígbe Halelúyà! Ẹ rọra o, mo ti ń gbọ́!