Ẹwà Lo Gbìn, Kì Í Ṣe Ẹ̀wà

Èmi ni mo rọ ìgbẹ́ adìyẹ sídìí ẹ̀wà tí ìyá onílé wa gbìn sẹ́yìn ilé. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe. Ewé nìkan ló yọ, kò so. Ìyá onílé ní irúgbìn tí ọ̀rẹ́ wọn tà fún wọn ni kò dáa, wọn ò sì kí ọ̀rẹ́ náà láàárọ̀ mọ́. Wọn ò mọ̀ pé mo da ìgbẹ́ sí i.

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì kan ní Ìyànà-Ìbà, obìnrin kan ń fi fọ́tò ọgbà rẹ̀ han ìyá àgbàlagbà kan.

"Mọ̀mí, ẹ wo ẹ̀wà olóyin mi, ó ti gun fẹ́ǹsì!"

"Ó mà dùn-ún wò o. Ó ti so?"

"Rárá o. Bẹ́ẹ̀ odidi àpò ìgbẹ́ adìyẹ ni mo dà sí i."

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Odidi àpò! O ti sọ ọ́ di ọmọ àkẹ́bàjẹ́. Ó yó tán, ó wá ń fi ewé ṣe fáàrí. Ọmọ mi, ẹwà lo gbìn, kì í ṣe ẹ̀wà."

"Yéè! Mo ti ṣèlérí mọ́ínmọ́ín fún bàbá àwọn ọmọ!"

"Kó máa wo ewé. Ẹ̀wà awùjẹ tèmi, iyẹ̀pẹ̀ lásán ló ń jẹ, ó ti so wọ ilé aládùúgbò. Tún òmíràn gbìn, má bọ́ ọ. Ebi ní í mú ẹ̀wà so."

Gbogbo wa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀wà ẹ̀yìn ilé wa ló wá sí mi lọ́kàn. Irúgbìn ọ̀rẹ́ ìyá onílé dáa. Èmi ni mo jẹ ọ̀rẹ́ náà ní gbèsè ìkíni tó ń pàdánù láràárọ̀.