Epo Tí Mo Sọ Pé Efe Kò Dà Sínú Dífù

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin ní Warri ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì ti di bàbá àgbà báyìí. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí. N kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo ba orúkọ ọkùnrin kan jẹ́, ọkùnrin náà sì ń pè mí ní ọ̀rẹ́ títí dòní.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí nìyí. Ní oṣù tó kọjá, àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó ń fi etí mọ àìsàn ọkọ̀. Mo sọ ìtàn tí mo máa ń sọ, ìtàn ọkọ̀ asáré kan ní Warri. Nígbà tí mo parí, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ihò èémí tó wà lórí dífù yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yẹn. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè náà rí. Mo ní, "Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́ tónítóní." Ó dúpẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, oorun mi kò pé. Irọ́ mi ti di ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Akọ̀wé ni mí ní èbúté Warri, ní àkókò tí owó epo rọ̀bì dé tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀. Okumagba Layout ni mò ń gbé. Ẹni tó háyà iwájú ilé tí mò ń gbé ni Bọ̀dá Túndé, ẹnjiníà ọmọ Èkó tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, á sì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Àwa méjì nìkan ni a ń sọ Yorùbá nínú ọgbà náà, nítorí náà ó mú mi bí àbúrò.

Bọ̀dá Túndé ra ọkọ̀ asáré kan. Pupa ni. Ilẹ̀kùn méjì, sílíńdà mẹ́fà, kábúrétọ̀ méjì. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ débi pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, tí o sì na ọwọ́ jáde, ọwọ́ rẹ lè kan ọ̀dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò rí ọkọ̀ tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

N kò kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún mi ní ìwé àtúnṣe ọkọ̀, mo sì kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń dúró ní oríta Enerhen, màá di ojú, màá sì máa fi ìró nìkan sọ irú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ mọ̀ mí. N kì í sábà ṣì í.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ pupa náà ni Efe, ọmọ Urhobo, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí oríta yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo àwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ Bọ̀dá Túndé ń gbé ọkọ̀ lọ. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti de nọ́ọ̀tì kan tán, ó máa ń fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń kí i pé ó dàbọ̀, kó tó lọ sórí òmíràn.

Nígbà tí Bọ̀dá Túndé ń lọ sórí omi, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Máa tan án ní ọjọ́ méjì méjì kí bátìrì má bàa kú. Má wà á jáde o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá."

Mo wà á jáde. Ọ̀sán Sátidé kan ni, òjò ti rọ̀, omi sì bo ojú ọ̀nà bí òjò Warri ṣe máa ń ṣe é. Mo rò ó dáadáa kí n tó jáde. Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, àpótí irin kan wà tí à ń pè ní dífù. Eyín irin ńlá kan àti kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń yí ara wọn nínú epo tó ki, àwọn ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà. Lórí àpótí náà, ihò kan wà tí kò ju orí ìṣó lọ. Mo ní omi yóò gba ibẹ̀ wọlé. Mo bá mú ọṣẹ ìfọṣọ, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń dí táńkì tó bá ń jò. Mo pò ó rọ̀, mo fi dí ihò náà pinpin.

Inú mi dùn sí ara mi. Mo ní mẹkáníìkì mélòó ló máa ronú kan ìyẹn?

Mo wà á dé Ugbuwangue, lọ́dọ̀ àwọn apẹja létí omi. Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi wọn dìde wò mí. Mo padà, mo fọ̀ ọ́, mo nu ún gbẹ, mo gbé e síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ọṣẹ yẹn nìkan ni mo gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ ti mọ ohun tó kù. Èémí ni ihò náà wà fún. Bí dífù bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú, ibẹ̀ ni á gbà jáde. Bí o bá dí i, atẹ́gùn náà á máa ti epo gba ọ́ìlì síìlì iwájú, ìyẹn rọ́bà tó ń sé epo mọ́ inú, jáde díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá Túndé sì fẹ́ràn eré. Tó bá ti wà nílé, á sá a dé Bìní, á sá a padà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kí n tó fi ọṣẹ dí i ni Efe pààrọ̀ epo dífù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Efe da epo sí i. Epo tuntun, ó sì kún.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹ̀yìn bó bá ń sáré. Ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Túndé kan ní táyà ni. Òmíràn ní bíárìn táyà ni. Òmíràn ní gíábọ́ọ̀sì. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ fúnra mi."

A gba ọ̀nà Sapele. Nígbà tí eré wa dé ogójì máìlì ní wákàtí kan, ohùn náà dé. Mo ní kí Bọ̀dá Túndé tẹ iná sí i. Ó ké sókè. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yí ohùn padà, ó rẹlẹ̀. A kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa, kò yí padà, nítorí náà kì í ṣe táyà. Mo ní kó yí i sọ́tùn-ún, sósì, kò yí padà, nítorí náà kì í ṣe bíárìn táyà. Mo ní kó fi gíá kẹta sá ogójì, kó tún fi gíá kẹrin sá ogójì. Ohùn kan náà. Bó bá jẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni, ohùn yóò yàtọ̀.

A padà sílé. Mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ọ̀pá gígùn kan ló ń gbé agbára láti iwájú wá bá dífù, pùròpẹ́là là ń pè é. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo fi ọwọ́ yí i. Àmì náà rìn ju ìbú àtàǹpàkò mi lọ kí táyà tó mira. Mo dìde, mo ní, "Dífù ni. Eyín kékeré ti jẹ, bíárìn rẹ̀ sì ti ń bá a lọ."

N kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan. Nígbà tí wọ́n tú u ní ìkẹyìn, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹ má bínú sí mi, inú mi ṣì ń dùn sí ọjọ́ yẹn. N kò lè purọ́ fún yín lórí ìyẹn náà.

Bọ̀dá Túndé lọ pe Efe. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ láti wo ohun tó fà á. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọṣẹ mi.

Ó ti le bí òkúta. Epo ti tú sí gbogbo iwájú dífù, ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà mí láti mọ̀ pé èmi ni. Mo fi ìṣó hú ọṣẹ náà jáde. Mo fi àkísà nu epo náà títí irin fi ń dán. Nígbà tí wọ́n dé, mo ti jókòó sórí àpótí, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara.

Efe ṣí ìdérí dífù, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Ìka rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kó tó kan epo. Díẹ̀ ló kù, irin wínníwínní sì ń dán nínú rẹ̀.

Bọ̀dá Túndé ní, "Efe, oil no dey inside."

Efe ní, "Oga, I put am. I put am sotey e pour for my hand."

Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń wá ibi tí epo gbà jáde. Kò rí nǹkan kan. Àwọn ará ilé ti péjọ. Efe kígbe láti ìsàlẹ̀ pé bóyá ó jò. Mo sì là á mọ́lẹ̀ fún un níṣojú gbogbo wọn, "Oil wey nobody put no fit leak."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Túndé tí inú ń bí pàápàá rẹ́rìn-ín. Efe jáde lábẹ́ ọkọ̀. Kò wò mí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ mọ Warri. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ kan fi ẹ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́, ó di orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá Túndé gbé ọ̀rọ̀ mi dé orí omi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e padà wálé. Láàárín oṣù kan, wọn kì í kí Efe mọ́. "Efe, you put am?" ni wọ́n ń wí. Ó ra ọbẹ̀ bàngá lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Enerhen, ó ní kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Efe, I put am o. I no be you." Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló burú jù. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó de ìdérí epo kan tán, ó tú u, ó wò ó, ó dè é, ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò fi ìka kàn án mọ́.

Ó wá bá mi nílé. Ó ní, "My brother, e be like say I forget am true." Ó bẹ̀ mí kí n máa bá òun yẹ iṣẹ́ òun wò, nítorí etí mi àti ojú mi mú. Mo gbà. Fún oṣù mẹ́fà ni mo fi ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. N kò rí nọ́ọ̀tì kan tó dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá, n kò rí i. Àwọn èèyàn sì ń yìn mí pé mo láàánú. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀.

Efe ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó lọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ilé ìlagi kan ní Sapele. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bọ̀dá Túndé pààrọ̀ dífù náà, ó padà sí Èkó, ó sì ti kú. Kò sí ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí èmi.

Efe ṣì wà láàyè. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. A máa ń pe ara wa lórí fóònù bí ọdún tuntun bá dé. Lọ́dún yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ gbà á. Ó ní bàbá òun kò jẹ́ tilẹ̀kùn ilé láìpe ẹnìkan wá wò ó. Ó ní àwọn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ pé, kò gbàgbé ohunkóhun. Nígbà tí Efe gba fóònù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "My hand dey deceive me since. You sef know."

Mo ní, "I know."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bó bá gégùn-ún fún mi, ó tọ́. N kò bẹ̀rù ìyẹn. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kó bi mí pé kí ló dé tí mo fi dúró lẹ́yìn òun fún oṣù mẹ́fà, tí mo ń rí i pé iṣẹ́ òun dára, tí n kò sọ. Ó wù mí kí wọ́n máa yìn mí ni.

Ṣé kí n pè é ni, àbí kí n wọkọ̀ lọ sí Sapele kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀? Àbí ó ti pẹ́ jù? Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ dáhùn fún mi: ṣé oore ni àbí ìkà, láti lọ sọ fún arúgbó kan pé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ kò tàn án jẹ rí?