Awò Ìbọn Tí Mo Yàn fún Akíntúndé

Ẹ̀yin ará ìjọ mi, òtítọ́ kan wà tí mo ti sin mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́ta wá, lónìí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi hú u jáde. Mo ní kí pásítọ̀ ka ìwé yìí sí yín létí lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, níwájú pẹpẹ tí mo ti dẹ́ṣẹ̀, nítorí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni àwọn dókítà fẹ́ la àyà mi, n kò sì mọ̀ bóyá n óò jí. Ẹ má ṣe torí àìsàn ṣàánú mi kí ẹ tó gbọ́ ọ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Dádì Ọláníyọnu, ẹ̀yin tí mo ń dá orin fún, ẹnu tí mo fi ń dá orin náà ni mo fi pa irọ́. Akíntúndé tí ẹ ń pè ní aláìbìkítà, ẹni tí àwọn kan nínú yín kò bọ̀ lọ́wọ́ mọ́ títí dòní, kò ṣe ohun tí ẹ fi kàn án. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọdẹ ní Fíńgílásì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fíntan lorúkọ ọ̀gá mi, ọmọ bíbí ilẹ̀ Áílándì tí a wà yìí, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbà mí nítorí mo sọ fún un pé ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbóho, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ìsọ̀ náà ló wà lórí ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Bí Fíntan bá lé mi, mi ò kàn pàdánù iṣẹ́, mo lè pàdánù ìlú. Òfin méjì péré ni Fíntan ní. Èkíní, awò ìbọn, ìyẹn dígí gígùn tí a ń so mórí ìbọn láti fi wo ẹran tó jìnnà, èyí tó bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú wọn, a kò gbọdọ̀ tà á. Kí a sọ fún un, kí a sì gbé e sọ́tọ̀. Èkejì, ìbọn tí a bá so awò mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sí pápá ní Ọjọ́bọ̀, yóò yìn ín sí ara bébà títí awò àti ẹnu ìbọn yóò fi fẹnu kò síbì kan, yóò sì kọ orúkọ oníbọn sínú ìwé rẹ̀. Òfin méjèèjì ni mo rú fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ óò rántí pé nígbà yẹn, Akíntúndé ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Damastown. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú un mọ ọdẹ àgbọ̀nrín lórí òkè Wíkílóò. Ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn gáádà, ọlọ́pàá ibí, ó sì ra ìbọn àlòkù kan tó dára. Awò ló kù. Kì í ṣe òun nìkan ló fẹ́ ẹran yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tàjùdéèn, tó ń kó ẹrù arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfuurufú, tó sì ń gbé ní Swords, ti bá a ṣe àdéhùn. Bí Akíntúndé bá yìnbọn lu ẹran, Tàjùdéèn yóò sáré dé ibẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́, yóò dárúkọ Ọlọ́run, yóò sì dú u, kí ìdílé Mùsùlùmí lè jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà kò lè dúró lẹ́yìn oníbọn bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe. Ó ní láti wà nítòsí ẹran. Ó máa ń fi dápàárá pé, “Kìrìsìtẹ́nì á yìn ín, Mùsùlùmí á dú u, ẹran ò ní mọ ẹni tó máa bá ṣẹjọ́.” Mo mọ àdéhùn yìí. Mo mọ ibi tí yóò máa dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Akíntúndé fi ń wá sí ìsọ̀. Mo kọ́ ọ ní ohun tí mo mọ̀, òtítọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kó má jẹ́ kí awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún wọ̀ ọ́ lójú, nítorí olówó pọ́ọ́kú inú irú wọn kì í ríran dáadáa ní ìdájí, ìdájí sì ni àgbọ̀nrín ń jáde. Mo ní kó mú èyí tó ń fà á súnmọ́ni ní ìlọ́po mẹ́rin péré, tí kò ní ohun tí a ń yí síwá-sẹ́yìn, kó jẹ́ pé dígí rẹ̀ ni owó bá lọ. Mo ní kó wo etí dígí náà bóyá ó mọ́ bíi ti àárín. Ó ní, “Dádì, ẹ bá mi yàn án. Èyí tí ẹ bá yàn ni mo yàn.” Ṣé ẹ rí i? Ọmọ náà ti fi ojú rẹ̀ méjèèjì lé mi lọ́wọ́.

Èyí tí mo yàn dára. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú irú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, mo mú un jáde kí n nù ún, fóònù dún, mo nawọ́ sí i, awò náà sì yọ bọ́ lọ́wọ́ mi sórí sìmẹ́ńtì. Fíntan kò sí ní ìsọ̀. Mo gbé e. Kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Mo gbé e sójú, mo rí ìlà méjì tó dábùú ara wọn bí àgbélébùú nínú rẹ̀, wọ́n dúró ṣánṣán. Mo wá mì í sétí, mo gbọ́ ohun kékeré kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹyọ ìrẹsì kan nínú agolo. Bí mo bá sọ pé n kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo tún ti pa irọ́ mìíràn kún un. Mo mọ̀ pé nǹkan ti tú nínú rẹ̀, pé ọta kì yóò lọ síbi tí ìlà náà ń fi hàn mọ́. Mo nù ún, mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo sì gbàdúrà, Ọlọ́run jọ̀ọ́, pé kó má ṣe nǹkan kan. Irú àdúrà wo nìyẹn? Òfin ni mo rú, Ọlọ́run ni mo ń bẹ̀ pé kó bá mi bò ó.

Bó bá ṣe pé mo sọ fún Akíntúndé lọ́jọ́ náà pé kó ní sùúrù, òmíràn ń bọ̀, ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Fíntan yóò bi mí pé ibo ni ọ̀kan tó kù wà. Mo pe Akíntúndé, ó gbé ìbọn wá, mo so awò náà mọ́ ọn fúnra mi. N kò jẹ́ kí Fíntan gbé e lọ sí pápá, kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé Ọjọ́bọ̀, nítorí yóò mọ̀ pé awò náà ti bọ́ ní kété tó bá yin ọta kejì. Nígbà tí Akíntúndé padà wá ní Sátidé láti gbé ìbọn rẹ̀, ó béèrè bóyá kó kọ́kọ́ lọ yìn ín wò ní pápá. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, “A ti yìn ín wò. Ọta mẹ́ta, ojú kan náà.” Mo wá ṣe ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Bébà ìdánwò ìbọn ẹlòmíràn wà lórí káńtà, ihò mẹ́ta tó fara mọ́ ara wọn wà láàárín rẹ̀. Mo lu òǹtẹ̀ ìsọ̀ sí i, mo kọ “Akíntúndé” àti déètì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fà á lé e lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tí awò náà já sí. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Dádì. Bí mo bá tún yìn ín wò, àfi bíi pé mo ń rí yín fín.” Mo ní kó dìde, pé gránd ni, pé kò séwu, bí àwọn ará ibí ti ń wí.

Ní ọjọ́ kejì ó gbé awò náà wá sí ilé ìjọsìn. Ó ti tú u kúrò lórí ìbọn, nítorí kò fẹ́ gbé ìbọn wọ ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà ẹ rí i, lórí pẹpẹ, láàárín kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tuntun ẹnì kan àti ìwé ilé ẹlòmíràn. Pásítọ̀ ní kí díákónì gbé ọwọ́ lé e kó gbàdúrà. Èmi ni díákónì. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo ní kí ojú ọmọ yìí má ṣì í, kí ọwọ́ rẹ̀ má tàsé. Gbogbo yín dáhùn pé àmín. Ẹ gbọ́ ohùn mi tó ń gbọ̀n, ẹ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Ó lọ sílé, ó tún un so gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ, níbi àmì tí mo fà sí i, kò sì yìn ín wò. Ìbọn tí àgbà ti yìn wò, tí ìjọ ti gbàdúrà lé, ta ni yóò tún máa dán an wò?

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e ni wọ́n lọ sórí òkè. Ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa, òjò winniwinni ń rọ̀. Tàjùdéèn fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó ní òun dúró lẹ́yìn igi páìnì kan, ní ọ̀tún ẹran náà, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Akọ àgbọ̀nrín ńlá kan jáde. Ó ní òun rí Akíntúndé tó fara balẹ̀, tó mí sínú, tó mí síta, tí kò kánjú rárá. Ìbọn dún, ẹran kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ọta náà já sí àpáta tó wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀, ó ta padà, ó sì gba orúnkún Tàjùdéèn kọjá. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ rò ni pé ẹran ló kan òun. Akíntúndé gbé e sẹ́yìn, ó ń sunkún, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ títí dé ojú títì. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Husainat ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀, ó ń tún un ká. Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà fún wọn. Husainat ní, “Bàbá, ẹ bá mi bi ọmọ yín pé kí ló rò tó fi yìnbọn tí kò dán wò.” Mo ní n óò bi í.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀ mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé Akíntúndé lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pe èmi àti Fíntan pé kí a wá jẹ́rìí. Fíntan mú ìwé Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ wá, orúkọ Akíntúndé kò sí níbẹ̀. Agbẹjọ́rò bi mí bóyá mo sọ fún ọkùnrin yìí pé a ti yìn ín wò. Ìwé Mímọ́ wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo wo Fíntan, mo ronú ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, mo ronú ọmọ mi tó wà nílé ẹ̀kọ́. Mo ní, “Rárá. Mo sọ fún un pé kó lọ yìn ín wò fúnra rẹ̀.” Wọ́n yíjú sí Akíntúndé, wọ́n ní kí ló rí sí i. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí bí ọmọ ti ń wo bàbá tó wọ aṣọ lódì níta gbangba. Ó wá wolẹ̀. Ó ní, “Bí Dádì bá sọ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò gbọ́ wọn yé.” Gbólóhùn yẹn ló dá a lẹ́bi. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀, ilé iṣẹ́ dá a dúró, ìwé tó kọ láti di ọmọ ilẹ̀ yìí di ohun tí wọ́n tì sẹ́yìn. Déọlá ìyàwó rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú Kọ́ọ̀kì. Èmi padà sí ìsọ̀, mo sì ń dá orin fún yín.

Nígbà tí ọkàn mi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yìí, ta ni ẹ rò pé ó ń wá wò mí ní ọjọọjọ́ Ẹtì? Akíntúndé ni. Ó ń gbé ògì gbígbóná wá nínú fúláàsì, ó ń ka Bíbélì sí mi létí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ṣí Bíbélì náà, bébà kan sì já bọ́ sórí ibùsùn mi. Ihò mẹ́ta, ojú kan náà. Òǹtẹ̀ ìsọ̀, orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Bébà tí ìbá ti gbà á sílẹ̀ nílé ẹjọ́ ti wà nínú Bíbélì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo ní, “Akíntúndé, kí ló dé tí o kò fi hàn wọ́n?” Ó mú un, ó dá a padà sáàárín ìwé. Ó ní, “Dádì, mi ò lè jẹ́ ẹni tó máa ṣí aṣọ lára yín. Mo ń retí pé ẹ óò bọ́ ọ fúnra yín.” Ó wá bu ògì fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ohun tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn, ẹ dán an wò lójú àgbà. Àgbà tó bá ń sọ òtítọ́ kò ní bínú. Ẹ̀yin àgbà bíi tèmi, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún yín kì í ṣe aṣọ tí ẹ óò fi máa bo ìdọ̀tí. Tàjùdéèn, n kò lè dá ẹsẹ̀ rẹ padà. Mo bẹ̀ ọ́, mo bẹ Husainat, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Fíntan ti gbọ́ lẹ́nu mi. Àwọn gáádà ti gba ẹ̀dà ìwé yìí pẹ̀lú ìfọwọ́sí mi, ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe ni kí wọ́n fi mí ṣe. Mo tọrọ bébà náà lọ́wọ́ Akíntúndé, mo sì ní kí pásítọ̀ gbé e sórí pẹpẹ nísinsìnyí, níbi tí awò náà wà lọ́jọ́ náà, kí gbogbo yín wá wo ihò mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Akíntúndé, ọmọ mi, mo mọ̀ pé o jókòó síbẹ̀, o sì ń wolẹ̀. Gbé orí sókè. Dìde láàárín ìjọ, kí o sì sọ ohun tí o kò sọ nílé ẹjọ́, pé, “Dádì, ẹ sọ fún mi pé ẹ ti yìn ín wò.” Èsì mi nìyí, kí pásítọ̀ kà á sókè: Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀. O gbọ́ mi yé.