Ẹni Tó Jáde Láì Sàlámà

Ẹ̀yin jàmáà, ẹ sún mọ́ra, kí àwọn tó wà nínú oòrùn lè rí ibòji. Ọ̀rọ̀ àmáná, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, la fẹ́ sọ láàárọ̀ yìí. Ọlọ́hun Ọba sọ nínú Súrátù Núúrì pé ká má wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi tọrọ àyè, tí a ó sì sàlámà sí àwọn onílé. Ṣé ilé oníbíríkì nìkan ni ilé? Ìyá tó jókòó lẹ́yìn un, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́? Ilé ni! Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún mẹ́jọ ló fi wà nínú mi. Inú mi dùn pé mo lè sọ ọ́ lónìí, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin méjì wà ní Ìwó níbí, ilé-kéwú kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ọ̀kan ń jẹ́ Náfíù. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ èkejì sílẹ̀ ná. Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Àwọn méjèèjì kọ̀wé sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá pé àwọn fẹ́ wá kàwé, àyè kan ṣoṣo ló sì wà.

Lọ́jọ́ kan, Náfíù lọ sí káfẹ̀ Alhájà Ṣẹ̀rífátù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lo kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ímeèlì rẹ̀. Subuhaanallahi! Ìwé ti dé. "A ti mú ọ. Dá wa lóhùn kó tó di ọ̀la. Bí o kò bá lè wá, ẹni tó tẹ̀ lé ọ la ó fún." Ẹ̀yin ìbá dáhùn lójú ẹsẹ̀, àbí? Náfíù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ nílé ni. Ó ní òun kò lè sọ pé òun ń lọ sókè òkun kí ìyá òun tó gbọ́. Ó tẹ ẹ̀kísì tó wà lókè, gbogbo nǹkan pòórá lójú kọ̀ǹpútà, ó rò pé òun ti jáde. Kò mọ̀ pé búráósà, ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í gbàgbé àlejò. Bí o bá kàn pa á dé láì sọ fún un pé ò ń lọ, ó ṣì kà ọ́ mọ́ ará ilé.

Bàbá Àdínnì ń mi orí, kò tíì yé wọn. Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹni tó kírun, tó jókòó àtáyà, tó kàn dìde wọ bàtà láì sàlámà sọ́tùn-ún sósì, ṣé ó ti jáde nínú ìrun? Rárá o! Ẹ ẹ̀ rí i, ó ti yé wọn.

Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wọlé, ó jókòó sórí àga yẹn gan-an. Ó ṣí búráósà kó lè wo ímeèlì tirẹ̀, ti Náfíù ló là sílẹ̀ gbayawu. Ó yẹ kó pa á dé. Ó kà á! Ta ni ẹni tó tẹ̀ lé Náfíù? Òun ni, wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ṣàítánì kì í pariwo, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó rọra ní, "Kọ ìlà kan péré. Ta ló máa mọ̀?" Ó kọ ọ́: "Ẹ ṣé. N kò ní lè wá. Èmi, Náfíù." Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Kó tó rán an, wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Òfin Alhájà nìyẹn, bí wọ́n bá ti pe ìrun, oníbàárà kankan kò gbọdọ̀ jókòó. "Ẹ dìde, ẹ dìde! Kọ̀ǹpútà kò ní bá yín wọ sàréè!" Jìnnìjìnnì bo ọkùnrin yìí, ó fi lẹ́tà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sá jáde.

Ní mọ́sálásí, Lèmámù kò sí nílé. Ta ni wọ́n tì síwájú? Náfíù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bọ̀. Rákà mẹ́rin ni ọkùnrin yìí fi ń wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ jà lólè. Nígbà tó di ìparí, Náfíù yíjú sọ́tùn-ún: "Assalaamu alaykum wa rahmatullah." Àlàáfíà ló ń tọrọ fún un! Ọkùnrin yìí kò lè sàlámà. Gbogbo èèyàn ti parí ìrun, òun ṣì jókòó. Náfíù wá bá a tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi dúpẹ́. Wọ́n mú mi, ìyá mi sì ti gbà. Mo fẹ́ lọ dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ."

Ẹkún ló bú sí. "Náfíù, má tíì dúpẹ́. Mo ti ṣe ọ́ níbi." Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Náfíù kò bú u. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n sáré, wọn ò rántí bàtà, ẹsẹ̀ lásán lórí ọ̀dà tó gbóná. Wọ́n bá Alhájà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an. Ó ní, "Ẹnì kan kọ lẹ́tà sílẹ̀, kò rán an. Mo ní kí n bá a rán an, kó má bàa pẹ́ jù."

"Ẹ ti rán an?" Wọ́n jọ pariwo pọ̀ ni.

"Níbo ni n ó ti rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀? Gíláàsì ojú mi ni mo ń wá látìgbà yìí." Orí rẹ̀ ni gíláàsì wà!

Alihamudulilahi! Ẹ bá mi wí i! Orí ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó sí, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Náfíù pa ìlà yẹn rẹ́, ó dá yunifásítì náà lóhùn pé òun ń bọ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé èèyàn ń jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì sàlámà sí kọ̀ǹpútà lọ́tùn-ún lósì. Ó ní, "Èmi ni mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìwọ lo wọlé láì tọrọ àyè. Ó parí síbí. Ìyá mi gan-an kò ní gbọ́."

Ẹnì kankan kò sì gbọ́. Ní Àlàmísì tó kọjá, Náfíù gba ìwé ẹ̀rí dé. Òun lẹ tìtorí rẹ̀ péjọ, òun ló jókòó lápá ọ̀tún mi yìí. Àná ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda kí n sọ ọ́, ó ní, "Sọ ọ́, bó bá máa gba ẹnì kan là." Èmi ni ọkùnrin kejì. Ẹ má ṣe háà, ara mi ti fúyẹ́.

Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, ẹ jáde dáadáa. Bí ẹ bá bá ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ní ṣíṣí, ẹ bá a tì í, kí ẹ lọ sọ fún un. Ọlọ́hun má jẹ́ kí àṣírí wa là sílẹ̀ fún ọ̀tá. Kí Ó má fi wá sídìí àṣírí ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí ìgbàgbọ́ wa bá rẹlẹ̀. Kí Ó tọ́ wa sọ́nà, àmín.

Náfíù, ọ̀rẹ́ mi, o sàlámà lọ́jọ́ náà, n kò lè dá ọ lóhùn. Gbà á lónìí, lójú gbogbo èèyàn: wa alaykumu salaam.