Bí Mo Ṣe Ba Orúkọ Sabina Gurung Jẹ́

Ẹ̀yin ará Ulverstone, ní erékùṣù Tasmania wa yìí ní Australia, èmi Ross Hingston ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn tí dókítà ti sọ fún mi pé n kò ní fi ẹsẹ̀ ara mi kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kí ẹ̀mí tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo gbọ́dọ̀ pọ̀ jáde. Wọ́n ní ogún ọdún ni irọ́ lè fi máa lọ kí òtítọ́ tó lé e bá. Tèmi kò rìn ju ọdún mẹ́ta lọ tí ẹsẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tí púpọ̀ nínú yín gbà gbọ́ nípa Sabina Gurung, irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà.

Ẹ mọ̀ mí sí ẹni tó ń gba ìpolówó fún ìwé ìròyìn ìlú yìí fún ọdún mọ́kànlélógún. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan láti etí odò Leven dé ojú ọ̀nà ńlá tí n kò tíì jókòó mu tíì níbẹ̀. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì gba ìpolówó mọ́ ìwé ìròyìn lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tẹ káàdì, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé mo mọ bí a ṣe ń gbé ilé iṣẹ́ síwájú lórí ẹ̀rọ aṣàwárí, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ ohun tó ń wá sórí fóònù, oníbàárà mi ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Káàdì náà dára ju ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ẹ kò mọ̀. Èmi mọ̀.

Noelene Brightwell ni opó ọ̀rẹ́ mi, Clive, tó ń gbá páìpù èéfín fún gbogbo ilé tó ń dáná igi lágbègbè yìí. Nígbà tí Clive kú lójijì, tí èmi wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀, Noelene fúnra rẹ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gun òrùlé lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Àmọ́ àwọn oníbàárà Clive ti ń darúgbó, wọ́n ń kó lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà, àwọn àjèjì tó sì ń ra ilé wọn kò mọ Clive, wọn kò mọ Noelene. Fóònù ni wọ́n ń bi léèrè, fóònù sì ń júwe ilé iṣẹ́ ńlá kan tó wà ní Launceston fún wọn. Noelene gbé páì ẹran wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó, ó ní, “Ross, àwọn kan ò jẹ́ kí n sinmi. Èèyàn mẹ́jọ ló pè mí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn ló láwọn á gbé mi sípò kìíní lórí ẹ̀rọ. Ṣé ipò kìíní mẹ́jọ ló wà ni?”

“Ẹyọ kan ni,” mo ní.

“Á jẹ́ pé méje nínú wọn ń purọ́ nìyẹn.”

“Ó lè jẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó dùn mí wọra. Ó ní òun yóò ní kí àwọn tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kọ̀wé sí mi, kí n bá òun yan ẹni tó ṣeé fọkàn tán nínú wọn. “Páìpù èéfín ni mo mọ̀, n kò mọ ti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ mọ̀ ọ́n, o ò sì ní tàn mí.” Mo dúró kí ó ní kí èmi fúnra mi wá ṣe é. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fọgbọ́n mú ọ̀rọ̀ náà wá, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ọ̀rẹ́ ni ẹ́, Ross. N kò fẹ́ kí iṣẹ́ ba ìyẹn jẹ́.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Èmi gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èèyàn mẹ́ta ló kọ̀wé. Méjì nínú wọn kò ju ẹlẹ́nu dídùn lọ. Ẹnì kẹta ni Sabina Gurung, ọmọ Nepal tó kàwé ní Launceston, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ilé ìkàwé wa. Ìwé rẹ̀ kò gùn. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí ipò kìíní, ẹni tó bá ṣe é, kí Noelene sá fún un. Ó ní iṣẹ́ náà yóò tó oṣù mẹ́fà kí ó tó hàn. Ó ti pe oníbúrẹ́dì àti dókítà ẹran tó ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n ti gbà kí Noelene bi àwọn léèrè bí òun ṣe ń ṣe sí. Ó ní gbogbo ohun tí òun bá ṣe ni òun yóò máa kọ ránṣẹ́ lóṣooṣù ní èdè tó yéni. Lákòótán, ó ní kí Noelene má ṣe fi páswọ́ọ̀dù sáìtì tó ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láé, “títí kan èmi náà.” Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé bó bá wọlé, láàárín oṣù kan Noelene yóò rí i pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Mo pa ìwé náà rẹ́. Mo sọ fún Noelene pé méjì jẹ́ òpùrọ́, ẹ̀kẹta sì ń fẹ́ gba páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bí mo ṣe yí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ po. Noelene mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa, Ross. Ìwọ náà ni kó o ṣe é.” Ọjọ́ náà ló kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

N kò gbèrò láti ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Mo fẹ́ kó rí i pé mo wúlò ni, mo sì fẹ́ kó rí i kíákíá. Mo sanwó fún ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó so ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáìtì ẹ̀tàn mọ́ sáìtì Noelene kó lè dà bíi pé gbogbo ayé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà jókòó nínú ilé ìdáná mi, mo fi orúkọ àwọn tí kò sí láyé kọ ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ṣiṣẹ́. Fún oṣù méjì, fóònù Noelene kò sinmi. Ó dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí òtútù ń wọlé, tí gbogbo ilé fẹ́ dáná, ẹ̀rọ aṣàwárí já ẹ̀tàn náà, ó sì gbá Noelene dànù. Bí o tẹ orúkọ rẹ̀ gan-an, o kò ní rí i.

Ó wá bá mi, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé mi, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, fóònù ò dún. Mo tiẹ̀ fi ti aládùúgbò mi pe ara mi, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti kú.”

Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹnu mi ti là. Àmọ́ mo ní, “Àwọn kan máa ń kó ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí sáìtì ẹlòmíì, kí ẹ̀rọ lè lé e dànù.”

“Ta ni mo ṣẹ̀?”

“Ọmọ Nepal yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ pé inú bí i pé a ò gbéṣẹ́ fún un.”

N kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Noelene kì í ṣe olófòófó, ẹnì kan péré ló sọ fún, ìyẹn obìnrin tó ń gẹ irun rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, oníbúrẹ́dì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Sabina. Dókítà ẹran tẹ̀lé e.

Sabina wá sílé mi. Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyí, kì í ṣe ìwé tí mo parẹ́, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí tí mo rà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbà láti wọlé. Ó ní, “Ẹ káàsán, sà. Mo gbé ẹ̀dà ìwé mi lọ bá màmá Brightwell. Wọ́n ní mo lè ti tún un kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kà á nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ohun tí mo kọ nìyí.”

“N kò rántí ohun tó wà nínú rẹ̀,” mo ní.

Kò sunkún. “Ẹ rántí, sà. Ó kàn wù yín kí ẹ má rántí ni.” Ó yíjú padà láti lọ, ó tún dúró. “Mo ti yẹ sáìtì wọn wò láti ìta. Ẹni tó ra ìdọ̀tí yẹn, ó ti ń rà á láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò bi yín ta ni. Àmọ́ ó ṣì ṣeé fọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí òtútù ọdún tó ń bọ̀ tó dé, á ti mọ́.” Ọmọ tí mo bà lórúkọ jẹ́ ló ń wá ọ̀nà láti gba ọ̀rẹ́ mi là, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. N kò jíṣẹ́ rẹ̀ fún Noelene. Kí ọdún tó parí, Sabina àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Hobart, olú-ìlú Tasmania. Noelene ta ọkọ̀, ó ta àkàbà Clive, ó gba iṣẹ́ nínú ilé ìdáná ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn yìí náà ni. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá, òun ló ń gbé ọbẹ̀ elégédé wá fún mi, ó sì máa ń jókòó tì mí lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ títí tí n ó fi mu ún tán, yóò máa sọ̀rọ̀ Clive fún mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, n kò lè gbé ṣíbí mọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fún mi mu. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

N kò mọ ohun tí mo ń retí, bóyá kó gbá mi létí. Ìbéèrè kan ló bi mí. “Ọmọ yẹn wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo lé e. Ṣé o mọ nọ́ńbà rẹ̀?” N kò mọ̀ ọ́n. Ó dìde. “Lójú gbogbo ìlú lo mú kí n ba ọmọ yẹn lórúkọ jẹ́, Ross. Gbogbo ìlú ni kó o sọ ọ́ fún.” Ó wá nọ́ńbà náà títí ó fi rí i. Ó ní Sabina gbọ́ òun jálẹ̀, kò sọ pé òun dárí jì wá, kò sì sọ pé òun kò dárí jì wá. Ó ní, “Ẹ ṣé tí ẹ pè,” ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Noelene ṣì máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Kì í jókòó mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò gbé yín síwájú lórí ẹ̀rọ, ẹ sá fún ẹni tó bá ṣèlérí ipò kìíní. Ẹ pe àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́ rí. Ẹ má ṣe fi páswọ́ọ̀dù yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tó gbé pósí ọkọ yín. Ẹni tó bá sì sọ ohun tí kò lè ṣe fún yín, ẹ fetí sí i dáadáa, nítorí irú wọn kò pọ̀. Noelene, mo bẹ̀ ọ́. Sabina, n kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ ọ́, àmọ́ mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ gba irọ́ mi gbọ́ láìbi ọmọ náà léèrè, Hobart kò jìnnà. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá sin mí tán kí ẹ tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.