Odò Ààlà Tí Mo Fà Sápá Kan

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sún mọ́ mi. Ohun tó wà níkùn mi yìí ò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n máa lé àwọn kan kúrò nílé wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ mọ̀ pé ayàwòrán ilẹ̀ ni mí. Nígbà kan, ìjọba gbé máàpù àtijọ́ fún mi pé kí n ṣe àdàkọ ẹ̀. Odò tó pààlà àwa àti orílẹ̀-èdè kejì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú òkè àti abúlé etí omi. Abala méjì ni. Ọ̀rinrin ti mú ọ̀kan fẹ̀, nígbà tí mo tò wọ́n pọ̀, odò ò pàdé. Ó yẹ kí n padà lọ wọn ibẹ̀. Ọ̀gá wa, tá à ń pè ní Kíákíá, ní, "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á o!" Ọ̀lẹ ni mí, ojo sì ni mí: mo fa odò sápá kan títí ó fi pàdé. Abúlé kékeré kan níhà ọ̀dọ̀ wa wá bọ́ sí òdìkejì.

Kò pẹ́, opó kan wá láti abúlé náà. Ilé ìwé ti lé àwọn ọmọ ẹ̀ pé àjèjì ni wọ́n. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un wò. A ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí ká tó dé ọjà yín. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn wá." Kíákíá bi mí pé, "Ṣó bá ti àtijọ́ mu?" Mo ní, "Ó bá a mu sà." Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Lọ́wọ́ èmi!

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ká máàpù àtijọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, mo gbé e wálé, mo dáná sun ún lẹ́yìnkùlé yìí. Ìyá yín ní, "Bàbá wọn, kí lẹ̀ ń sun tó ń rùn báyìí?" Mo ní ìdọ̀tí ni. Ní ọ́fíìsì, mo ní ikán ló jẹ ẹ́. Ikán tí ò jẹ nǹkan kan ni mo parọ́ mọ́.

Àkọ́bí mi, ìwọ tó o gbaṣẹ́ mi ṣe, o wọlé lánàá tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Bàbá, èmi ni wọ́n ní kí n ṣáájú àwọn tó máa ri òpó ààlà lọ́jọ́ Ajé. Odò lè yí ipò padà, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní máàpù tẹ́ ẹ yà la máa tẹ̀ lé!" Àwọn ọmọ opó yẹn ṣì wà nílé wọn, àmọ́ tí òpó bá ti dúró, orílẹ̀-èdè kejì á lé wọn.

Jọ̀ọ́, má ri òpó kankan. Lọ pe adájọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí, kó máa kọ, kí n máa sọ. Orúkọ mi máa bàjẹ́, wọ́n á sì fi ìwọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Dárí jì mí. Má tíì sunkún, tètè máa lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ ibi tí odò gbà nínú máàpù tí mo sun, èémí mi sì ti ń kúrú.